Òru Mẹ́ta ní Ilé Ọlọ́lá Kan ní Cotswolds

Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi n'Íbàdàn, kò sẹ́ni tó ń sanwó kó tó sinmi. Ìsinmi kàn máa ń ṣẹlẹ̀ ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrẹsì àti ẹran adìẹ, bàbá mi á bọ́ bùbá wọn, wọ́n á na ara sórí àga lábẹ́ fáànù tí iná bá wà, tàbí lábẹ́ igi máńgòrò tí kò bá sí. Ìyá mi ní tiwọn kì í sùn lọ́sàn-án rárá. Bí ẹ bá rí wọn tí wọ́n jókòó, ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń já tàbí ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà. Tí a bá sọ pé, "Mummy, ẹ sinmi díẹ̀ náà," èsì wọn kì í yí padà: "Ṣebí mo ti jókòó."

Nítorí náà, nígbà tí ìyàwó mi sọ fún mi nínú oṣù kẹsàn-án pé òun ti sanwó òru mẹ́ta sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní ìgbèríko, mo bi í pé kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Ó ní kò sí. Mo ní ṣé ìgbéyàwó ẹnì kan ni, àbí ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì? Ó ní, "Mo ní kò sí. A fẹ́ lọ jókòó ni." Ó wá sọ iye tó san. Mo ṣírò rẹ̀ sí náírà nínú ọkàn mi, mo sì dákẹ́, torí wọn kì í dá owó padà.

Kì í ṣe pé kò rí ohun tó rí o. Iṣẹ́ software ni mò ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo wà lára àwọn tó ń tọ́jú ètò tí àwọn oníbàárà fi ń sanwó. Ètò yẹn kì í sùn. Tó bá dákú láago mẹ́ta òru, fóònù ẹnì kan gbọ́dọ̀ dún, ẹni náà á sì dìde lọ wò ó. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ tèmi. Nígbà tó pẹ́, fóònù ò tiẹ̀ nílò láti dún mọ́. Bí aago mẹ́ta bá ti lù, mo ti ta jí bí ẹni tí wọ́n pè, màá máa wo àjà. Kódà ní ọ̀sẹ̀ tí kì í ṣe tèmi. Ìyàwó mi wò mí títí, ó sú u.

Láti Paddington, ọkọ̀ ojú irin gbé wa gba Oxford kọjá lọ sí Moreton-in-Marsh, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Cotswolds. Bí ẹ bá ti kúrò ní Oxford, ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀ padà. Òkúta ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ gbogbo rẹ̀, òkúta kan tó ní àwọ̀ oyin, tó ti wà nísàlẹ̀ òkun láyé ọjọ́un kó tó di orí ilẹ̀. Ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, ògiri oko, títí kan òrùlé, òkúta kan náà ni. Irun àgùntàn ló mú owó wá síbẹ̀ láyé àtijọ́. Nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn, irun àgùntàn Cotswolds ń dé Flanders, ó ń dé Ítálì. Nígbà tó yá, iṣẹ́ aṣọ ṣí lọ sí àríwá níbi tí èédú àti ẹ̀rọ wà, agbègbè náà sì tòṣì, kò sẹ́ni tó lówó tí yóò fi wó ilé àtijọ́ kọ́ tuntun. Bí wọ́n ṣe wà bẹ́ẹ̀ títí di òní nìyẹn. Ohun tí gbogbo wa ń sanwó láti lọ wò, òṣì ló bá wa tọ́jú ẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ hòtẹ́ẹ̀lì náà. Ilé ọlọ́lá ni tẹ́lẹ̀, ó wà ní ìparí ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ kan, igi beech lọ́tùn-ún, igi beech lósì. Yàrá mẹ́rìnlá péré ló ní. Ohun tí wọ́n ń pè ní boutique kò ju ìyẹn lọ, pé ilé kéré, yàrá kan ò sì jọ èkejì. Kò sí nọ́ńbà lẹ́nu ọ̀nà, orúkọ igi ni wọ́n fún yàrá kọ̀ọ̀kan. Tiwa ń jẹ́ Hornbeam. Wọ́n to bàtà òjò onírọ́bà sí ẹnu ọ̀nà, láti kékeré títí dé ńlá, kí àlejò mú èyí tó bá bá a mu, kó lọ fi tẹ ẹrẹ̀. Iná igi ń jó nínú pálọ̀. Nínú yàrá wa, báàfù onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan wà létí fèrèsé, kì í ṣe nínú balùwẹ̀ o, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn gan-an. Ìyàwó mi wo báàfù, ó wo fèrèsé, ó wo àwọn àgùntàn tó dúró lóko tí wọ́n ń wo tiwa náà. Ó ní òun ò ní bọ́ṣọ lójú àgùntàn.

Lóru ọjọ́ yẹn, òwìwí ké. Kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí ké lápá ibí, òmíràn dá a lóhùn lápá ọ̀hún. Ìgbà ìwọ́wé ni àwọn òwìwí ilẹ̀ yẹn máa ń pariwo jù, nítorí pé àwọn ọmọ tí wọ́n pa lọ́dún náà ti dàgbà, oníkálukú ń wá ibi tí yóò jẹ́ tirẹ̀. Mo ṣàlàyé èyí fún ìyàwó mi nínú òkùnkùn. Ó ní òun ti gbọ́, ó sì ń ka Sáàmù lọ. Láago mẹ́ta, mo jí.

Ìparí oṣù kẹwàá ni. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti lò nílùú yìí, mi ò tíì wo ewé dáadáa rí. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìgbà tí wọ́n bá kéde pé ewé ti bo ojú irin tí ọkọ̀ fi pẹ́ la máa ń mọ̀ pé ewé ti ń wọ́. Níbí, ó kún ojú. Àwọn igi beech ti pọ́n bí bàbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, tí oòrùn bá sì gba ẹ̀yìn wọn yọ, bí ẹni pé wọ́n tan iná sínú wọn. Àlàyé rẹ̀ dùn mọ́ mi. Bí ọjọ́ ṣe ń kúrú tí òtútù sì ń wọlé, igi á bẹ̀rẹ̀ sí í fa oúnjẹ inú ewé padà sínú ara rẹ̀. Àwọ̀ tútù tí ewé fi ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn á máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, igi ò sì ní ṣe òmíràn rọ́pò. Àwọ̀ ìyeyè tí a wá rí nígbà náà kì í ṣe tuntun, ó ti wà níbẹ̀ látìgbà tí oòrùn ti ń ràn, àwọ̀ tútù ló bò ó. Pupa nìkan ni àwọn igi mìíràn ń ṣe ní tuntun. Lẹ́yìn náà ni igi á dí ìdí ewé pa, omi ò ní kọjá mọ́, afẹ́fẹ́ díẹ̀ á sì já a. Èmi tí mo ti rí bí sáfà ṣe ń kú lójijì tó sì ń kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ, mo mọyì ohun tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń pa ara ẹni ní ìlànà.

Ìrókò àti àràbà náà ń wọ́ ewé nílé, lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n òǹgbẹ ni tiwọn ń sá fún. Àti pé nílé, kò sí bí ewé yóò ṣe pẹ́ nílẹ̀. Ewé máńgòrò tó bá já lóru, ìgbálẹ̀ ìyá mi á ti bá a kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo rò pé wọ́n kàn fi ti ibí yìí sílẹ̀ ni, títí tí mo fi yọjú lójú fèrèsé láago méje ọjọ́ Sátidé, mo rí ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ fẹ́ ewé kúrò lójú ọ̀nà. Èyí tó wà lábẹ́ igi, kò fọwọ́ kàn án. Àṣé wọ́n ṣètò ẹ̀ ni.

Àárọ̀ yẹn náà ni mo pàdé Màmá. Mo ṣílẹ̀kùn láti jáde lọ jẹun, obìnrin kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú trolley tí wọ́n kó aṣọ ibùsùn àti táwẹ́ẹ̀lì sí. Bí wọ́n ṣe rí mi, wọ́n fi ẹ̀yìn ti ògiri kí n lè ráyè kọjá. Wọ́n ní, "Good morning, sir." Ohùn yẹn tó. Mi ò tíì rò ó, ara mi ti dọ̀bálẹ̀ dé ìdajì: "Ẹ káàárọ̀ mà."

Wọ́n wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, wọ́n wò ó bọ̀. "Háà! Ọmọ Yorùbá ni yín? Ọmọ ibo?"

"Ọmọ Ìbàdàn ni mí, mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má pè mí ní 'ẹ'."

"Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà," ni wọ́n wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi gbọ́ Yorùbá láti inú yàrá, ó sáré jáde, ó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ìgbà yẹn ni "ẹ" náà sá lọ. "Dìde, ọmọ mi, dìde, kí wọ́n má rí wa." Wọ́n yọjú wo inú yàrá. "Ta ló tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yìí?"

"Èmi ni mà," ni ìyàwó mi wí, inú rẹ̀ dùn.

"O ṣeun, o járe. Màá tú u ni o. Bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ níbí ò ní kó rí báyìí, supervisor á wá fi ojú wò ó. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi lórí yàrá kan. Tí mo bá ní kí n kọ́kọ́ tú tìrẹ ká, ó ti lé márùn-ún. Lọ́la, ẹ kàn fi í sílẹ̀ bó ṣe wà."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó le nínú ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tí wọ́n bá tọ́ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ẹni tó jù ọ́ lọ kì í gbé ẹrù níwájú rẹ kí o máa wò. Tí ìyá ẹnì kan bá ń gbálẹ̀ tí ọmọ jókòó, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́. Obìnrin yìí ju ìyá mi lọ ní ọdún kan, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe mọ̀ lẹ́yìn náà. Wọ́n ti ń bọ̀ wá fọ báàfù tí mo wẹ̀ níbẹ̀, èmi sì ń lọ jẹ ẹyin àti mọṣírúùmù. Mi ò mọ ibi tí mo máa gbé ọwọ́ mi sí. Ìyàwó mi ní ká má jẹ́ kí wọ́n wọ yàrá wa mọ́, ká gbé àmì "má yọ wá lẹ́nu" kọ́ ẹnu ọ̀nà títí di ọjọ́ Ajé. Mo ní tí yàrá bá dín, ṣé iṣẹ́ wọn ò ní dín? A ò mọ̀. A lọ jẹun.

Lọ́sàn-án, a wọ bàtà òjò, takisí gbé wa dé Bourton-on-the-Hill, a sì fẹsẹ̀ rìn gba inú pápá lọ síhà Longborough. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni, òfin gbà kí ẹnikẹ́ni kọjá níbẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Ó gba inú ọgbà Sezincote kọjá, ẹ ó sì rí ilé náà lókèèrè. Ojú mi kọ́kọ́ kọ̀ láti gbà á gbọ́. Láàárín igi oaku àti àgùntàn, nílẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, òrùlé bàbà rọ̀bọ̀tọ̀ kan yọ tó dà bí ti mọ́sáláṣí. Charles Cockerell ló ni ín, ó ṣiṣẹ́ ní Íńdíà fún East India Company, ó kówó bọ̀ wálé, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ẹni kì í sì í wọ́n níbi tí owó bá wà: Samuel Pepys Cockerell, ọmọ ìyá rẹ̀, ló ya àwòrán ilé náà fún un, ní nǹkan bí ọdún 1805, bí ààfin àwọn ọba Íńdíà. Ọkùnrin yẹn ò tiẹ̀ fi ibi tí owó rẹ̀ ti wá pamọ́. Ó fi kọ́ òrùlé.

Àwọn mìíràn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní gúúsù ìpínlẹ̀ Gloucestershire kan náà, Dodington Park wà, ilé ìdílé Codrington, àwọn tó ní oko ìrèké àti ẹrú ní Barbados àti Antigua. Kò sí ohun tí yóò sọ ìyẹn fún ẹni tó bá kàn ń wo àwọn òpó rẹ̀. Òfin 1833 tó fòpin sí oko ẹrú ya £20 million sọ́tọ̀ láti fi tu àwọn olówó ẹrú nínú. Àwọn ẹrú fúnra wọn ò gba kọ́bọ̀. Gbèsè tí ìjọba jẹ nítorí owó yẹn ò tán títí di 2015. University College London ti kó orúkọ àwọn tó gba owó náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni lè wá a. Nígbà tí a padà sí yàrá, mo wá orúkọ ìdílé tó ni hòtẹ́ẹ̀lì wa láyé àtijọ́. Kò sí níbẹ̀. Mo tún un wá pẹ̀lú sípẹ́lì mìíràn. Kò sí. Ìyàwó mi ní, "Ṣé ohun tí a sanwó fún nìyí?" Mo pa fóònù.

Wọ́n gbé pheasant fún wa lálẹ́. Ẹyẹ oko ni, ìbátan àparò, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni òfin gbà kí wọ́n máa yìnbọn fún un, a sì ti ń gbọ́ ìbọn náà láti ọ̀sán. Adùn rẹ̀ ò burú. Ìyàwó mi yọ ìgò ata kékeré kan láti inú báàgì rẹ̀, ó rò pé kò sẹ́ni tó rí òun.

Òru yẹn ni wọ́n dá aago padà. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín, aago Nàìjíríà kì í yẹ̀. Ṣùgbọ́n níbí, ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá, tí aago méjì òru bá lù, ó di aago kan padà. Aago kan ààbọ̀ á wá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwa tí a ń kọ kóòdù bẹ̀rù òru yẹn, torí ètò tí wọ́n bá ní kó sanwó láago kan ààbọ̀ lè san án lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyẹn tí ọlọgbọ́n fi ń lo aago UTC fún sáfà rẹ̀. Mo ta jí bí ìṣe mi. Mo wo fóònù: aago méjì. Ẹ̀rín pa mí nínú òkùnkùn. Ara mi tó ti ń jí láago mẹ́ta láti ọjọ́ yìí wá, ó jí, kò bá aago mẹ́ta nílé. Mo yíra padà. Nígbà tí mo máa lajú, ilẹ̀ ti mọ́ kedere, ìyàwó mi ti wẹ̀, àti àgùntàn àti gbogbo rẹ̀.

Òjò rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ẹ ò ní gbà pé kò sí nǹkan tí mo ṣe. Mo jókòó síwájú iná. Mo wo bí igi ṣe ń di ẹyin iná, tí ẹyin iná ń di eérú. Mo sùn lórí àga pẹ̀lú ẹnu yíyà. Màmá gba pálọ̀ kọjá pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ igi ìdáná lọ́wọ́, wọ́n rọra sọ láìwo ọ̀dọ̀ wa pé, "Ẹ kú ìgbádùn o." Àwa méjèèjì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, "Ẹ kú iṣẹ́ mà." Mo fẹ́ dìde gba apẹ̀rẹ̀ náà, ojú tí wọ́n fi wò mí dá mi jókòó. Ṣùgbọ́n nǹkan rọ̀ nínú mi lẹ́yìn ìkíni yẹn. Wọ́n ti kí mi bí ẹni tó ń sinmi, mo sì ti kí wọn bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. A ti rí ara wa.

Àwọn tó kọ́ irú ilé yẹn ò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ́ ọ: àtẹ̀gùn ńlá ti àwọn olówó wà níwájú, àtẹ̀gùn tóóró ti àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ wà lẹ́yìn ògiri, kí omi gbígbóná lè gòkè kí ìgbẹ́ sì sọ̀kalẹ̀ láìsí pé ojú kan ojú. Ilé ńlá bẹ́ẹ̀ ò lè dá dúró láìsí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀. Láti 1894 tí ìjọba ti gbé owó orí ogún dìde, tí ogun àgbáyé méjì sì kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ, ọ̀pọ̀ ìdílé ò lè gbé ilé wọn mọ́. Wọ́n wó àwọn kan: nígbà tí Victoria and Albert Museum ṣe àfihàn nípa rẹ̀ ní 1974, àwọn ilé tí wọ́n kà pé ó ti lọ lé ní 1,000. Àwọn mìíràn di ilé ìwé, àwọn mìíràn di hòtẹ́ẹ̀lì. Àtẹ̀gùn ẹ̀yìn náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni Màmá ń gbà.

Nígbà tí òjò dá díẹ̀, a jáde rìn, ẹrẹ̀ sì bò wá débi pé ọmọkùnrin ẹnu ọ̀nà ní ká gba ẹ̀yìn wọlé. Lẹ́bàá ilé ìdáná, mo rí àwọn agogo. Ọ̀wọ́ kan ni, lókè ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lórí irin tó ká kòró bí ìgbín, orúkọ yàrá sì wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹni tó wà ní yàrá á fa okùn, wáyà á gba inú ògiri wá, agogo á dún nísàlẹ̀. Irin kíká yẹn á ṣì máa mì lẹ́yìn tí ohùn bá ti dákẹ́, kí ọmọ ọ̀dọ̀ tó bá sáré dé lè mọ yàrá tó pè. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Mo mọ ẹ̀rọ yẹn. Ohun tí mò ń tọ́jú ní Lọ́ńdọ̀nù gan-an ni, tòun ti iná pupa tó máa ń ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ sáfà tó bá ń pè. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn yẹn ń gba àtẹ̀gùn, èmi ń gba láptọ́ọ̀pù.

Màmá wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé ìdáná, lábẹ́ ibòòji tí wọ́n to igi sí, wọ́n ń mu tíì. Wọ́n ní ká jókòó, pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí àkókò ìsinmi wọn tó tán. Mo sọ fún wọn nípa wákàtí kan tí a rí he lóru. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ rí i he. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lóru, òun ló fi ẹsẹ̀ rìn ín."

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni wọ́n. Tíṣà ni wọ́n ní Ìlá Ọ̀ràngún kí ọkọ wọn tó mú wọn wá. Ọkọ náà ti kú. Láàárín ọ̀sẹ̀, ilé ìdáná ilé ìwé kan ni wọ́n ń ṣe. Ní òpin ọ̀sẹ̀, hòtẹ́ẹ̀lì. Ilé kan wà tí wọ́n ń kọ́ sí Ìlá, yàrá mẹ́rin, ó ti dé òrùlé. Orúnkún ọ̀tún ń dùn wọ́n nítorí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn yẹn. "Àwọn ọmọ ní kí n fi sílẹ̀. Mo ní tí mo bá fi sílẹ̀, kí n wá máa ṣe kí ni?"

Ìyàwó mi bi wọ́n bóyá wọ́n ti sùn lórí ọ̀kan nínú àwọn bẹ́ẹ̀dì náà rí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tíì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà nù. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan péré. Yìnyín dí ọ̀nà lọ́dún kan, ọkọ̀ ò lè kọjá, mánéjà sì ní kí wọ́n mú yàrá tó bá ṣófo. "Hornbeam tí ẹ wà yẹn náà ni. Mo wẹ̀ nínú báàfù, mo dùbúlẹ̀. Ọmọ mi, mi ò sùn. Mo kàn ń wo yàrá, mò ń ro ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Mo dìde láago márùn-ún, mo bọ́ bẹ́ẹ̀dì, mo tẹ́ ẹ, kí ẹnikẹ́ni tó dé."

Wọkitọ́kì tó wà ní ìgbànú wọn ké. Wọ́n gbé ife sílẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo pe ìyá mi. Láti oṣù kẹta, aago kan náà ni wa. Báyìí, tiwọn ti fi wákàtí kan ṣíwájú, wọ́n sì ti ń múra àtisùn. Wọ́n bi mí pé kí ni mo ṣe lónìí. Mo ní mo jókòó. Ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ wà lórí fóònù, wọ́n wá ní, "Ṣé ara rẹ yá?"

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, a ń jiyàn lórí owó. Àṣà ibí ni pé tí o bá fẹ́ ta òṣìṣẹ́ lọ́rẹ, wàá fi owó sílẹ̀ lórí tábìlì, wàá máa lọ. Ìyàwó mi ní òun ò lè fi owó sílẹ̀ lórí tábìlì fún ìyá ìyá ẹni, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Ọ̀tọ̀ ni owó tí àgbà fi ń ta ọmọdé lọ́rẹ, ọ̀tọ̀ ni èyí tí ọmọdé fi ń tọrọ àdúrà lọ́wọ́ àgbà. A dúró dè wọ́n. Bí wọ́n ṣe ti trolley dé, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì na ápòòwé náà. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, gbọọrọ, lórí kápẹ́ẹ̀tì Hornbeam. Tọkọtaya òyìnbó kan ń kọjá lọ síbi oúnjẹ; wọ́n rọra rìn, bí ẹni tó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà, bẹ́ẹ̀ bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Màmá gbé ọwọ́ lé wa lórí. Wọ́n ní ọ̀nà wa á là. Wọ́n ní a ò ní ríjà ìlú òyìnbó. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní, "Ilé tí ẹ bá kọ́, Ọlọ́run á jẹ́ kí oorun kùn yín nínú rẹ̀."

A ní àmín. Wọkitọ́kì béèrè bóyá Hornbeam ti ṣófo, torí àlejò mìíràn fẹ́ tètè wọlé. "Ten minutes," ni Màmá dáhùn. Wọ́n na ìyàwó mi dìde, wọ́n ní ká yára, takisí wa ti dé. Kí n tó gbé báàgì kejì, wọ́n ti ń bọ́ aṣọ ìrọ̀rí wa.